Wangari Maathai, Obìnrin Tí Ó Ń Wá Eégbọn

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, nítorí náà n kò ní pẹ́ púpọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ nípa tísà tó bá dìde sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú kíláàsì wa bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Tísà, ẹ ní kí a kàwé, a ti ń kà á. A ti lè kọ orúkọ wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wádìí òjò, tó ń wádìí ilẹ̀, tó ń wádìí àìsàn, àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá wọ̀nyí, kí ló pa àwa pẹ̀lú wọn pọ̀?" N kò dá màmá lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo lọ sílé, mo rò ó. Ìtàn obìnrin kan ni mo fi fẹ́ dá wọn lóhùn lónìí.

Wangari Maathai ni orúkọ obìnrin náà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1940 ni a bí i, ní abúlé Ihithe, nítòsí ìlú Nyeri, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀yà Kìkúyù ni wọ́n. Àgbẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀. Ilẹ̀ wọn dára, òjò ń rọ̀ dáadáa, odò pọ̀ níbẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, wọn a máa rí Òkè Kẹ́ńyà lókèèrè, òkè tó ga ju gbogbo òkè ilẹ̀ wọn lọ. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín fi wà lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ olóoru ni.

Nítòsí ilé wọn, igi ńlá kan wà. Àwọn Kìkúyù ń pè é ní mùgúmò. Ìdílé kan náà ni òun àti odán tí a máa ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Ìyá Wangari kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣẹ́ igi ìdáná níbẹ̀, nítorí igi Ọlọ́run ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yìí ni omi kan ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, omi tó mọ́ tóní. Ọmọ náà a máa lọ pọnmi níbẹ̀ fún ìyá rẹ̀, a sì máa ṣeré. A máa rí ẹyin àkèré nínú omi, tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. A fẹ́ kó o kí ó fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kàn án, a já. Ẹ rántí igi yìí àti omi yìí. A ó padà sí wọn.

Ní àkókò náà, ọmọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń rán lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n Wangari kan, Nderitu, ni ó bi ìyá wọn léèrè pé kí ló dé tí Wangari kò lọ sí ilé ìwé bí àwọn yòókù. Ìyá wọn rò ó, ó sì ní kí ó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tó ti wà nílé ìwé mú un dání. Lójú ọ̀nà, ọmọkùnrin yìí bi í bóyá ó mọ ìwé í kọ. Kò mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin mú ìwé àti pẹ́ńsù jáde, ó kọ nǹkan sí i. Lẹ́yìn náà ó mú rọ́bà, ó fi pa á rẹ́. Ojú ìwé tún funfun! Ẹnu ya Wangari. Idán ni lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wù ú pé kí òun náà lè kọ ọ́, kí òun sì lè pa á rẹ́. Èmi ti rí irú ìyanu bẹ́ẹ̀ lójú àwọn kan nínú yín, ẹ mọ ara yín.

Ó kàwé dáadáa. Ní 1960, wọ́n kó ọmọ Kẹ́ńyà tó tó 300 lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́, Wangari sì wà lára wọn. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìlú Atchison, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni ó kọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, ara ẹranko àti ara ewéko. Ó gba oyè ní 1964, ó sì lọ sí Yunifásítì Pittsburgh láti gba oyè kejì. Ìlú irin ni Pittsburgh. Èéfín ilé iṣẹ́ ti bo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú ń jà kí afẹ́fẹ́ wọn lè mọ́. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rí i pé ohun tí ènìyàn bà jẹ́, ènìyàn lè tún un ṣe.

Ní 1966 ó padà sílé. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún un ní yunifásítì ìlú Nairobi, wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i. Ìgbà tó dé ibẹ̀, wọ́n ní àwọn ti fún ẹlòmíràn. Ó gbà pé torí òun jẹ́ obìnrin, àti torí ẹ̀yà òun, ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó rìn kiri. Nígbà tó yá, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan gbà á síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ní Jámánì, ó tún padà. Ní 1971 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Obìnrin àkọ́kọ́ ni ní gbogbo Ìlà Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà tí yóò gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1976 wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó wà.

Ó dára. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Eégbọn kan wà ní ilẹ̀ wọn tó máa ń lẹ̀ mọ́ etí màlúù. Ó ń gbé kòkòrò àrùn kan sínú itọ́ rẹ̀, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Bí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ màlúù, kòkòrò yìí a wọ inú ẹ̀jẹ̀, ibà a mú màlúù náà, a sì kú. Àwọn màlúù òyìnbó tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ni ó ń pa jù. Ọ̀mọ̀wé Wangari fẹ́ mọ bí àrùn yìí ṣe ń rìn. Nítorí náà ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń ṣa eégbọn lára màlúù.

Bí ó ti ń ṣa eégbọn, ó ń wo ohun tó yí i ká. Ó rí i pé màlúù gbẹ, egungun wọn hàn síta, nítorí koríko kò tó wọn jẹ. Nígbà tí òjò rọ̀, ó rí i pé omi odò pọ́n bí omi amọ̀. Omi yìí kì í pọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré. Erùpẹ̀ oko àwọn ènìyàn ni ọ̀gbàrá ń wọ́ lọ, ó ń gbé e lọ sí òkun. Àwọn ènìyàn pàápàá, ara wọn kò dá.

Ó padà sí abúlé tiwọn. Igi mùgúmò ọjọ́sí ńkọ́? Wọ́n ti gé e. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ní ó gba àyè, òun fẹ́ gbin tíì. Omi tó ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó ti gbẹ. Kò sí àkèré, kò sí ẹyin àkèré.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé eléyìí, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pàdé. Gbòǹgbò irú igi bẹ́ẹ̀ máa ń lọ jìnnà sínú ilẹ̀. Ó ń wọ àárín òkúta, a sì là á, títí yóò fi kan omi tó wà nísàlẹ̀. Omi a wá bá ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò gòkè wá, títí yóò fi rí ojú ihò tí yóò gbà jáde. Ìyẹn ni a ń pè ní ìsun. Gbòǹgbò yìí kan náà ni ó di ilẹ̀ mú kí òkè má baà ya lulẹ̀. Ewé orí igi ń gba òjò sára, òjò kì í sì í bọ́ lu ilẹ̀ lójijì. Bí a bá gé igi, òjò a bọ́ lulẹ̀ pà, omi kò ní ráyè wọlẹ̀, a sáré lọ, a sì gbé erùpẹ̀ dání. Àwọn àgbà Kìkúyù kò kà á nínú ìwé. Wọ́n ní igi Ọlọ́run ni, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kan, igi ńlá méjì wà lẹ́yìn kíláàsì wa. Ewé wọn ń dà sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì sú mi pé àwọn ọmọ kò gbá a mọ́. Mo ní kí wọ́n gé e. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì ká gbogbo páànù orí kíláàsì náà lọ. Ọlọ́run ló yọ wá, ọjọ́ ìsinmi ni. Bàbá arúgbó kan tó ń gbé nítòsí kàn wò mí, kò sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kẹ́ńyà. Ẹgbẹ́ kan wà tó kó ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ náà jọ, Wangari sì wà nínú rẹ̀. Nínú ìpàdé wọn, ó gbọ́ pé àìjẹunrekánú ń bá àwọn ọmọ fínra ní àdúgbò òun gan-an. Ó yà á lẹ́nu. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni ibẹ̀! Nígbà tó tẹ́tí sí àwọn obìnrin oko, ìdí ọ̀rọ̀ yọ. Wọ́n ti gé igbó láti gbin kọfí àti tíì fún títà. Igi ìdáná wá jìnnà. Obìnrin a rìn ọ̀nà jíjìn kó tó rí ìdì kan. Nítorí náà, oúnjẹ àtijọ́ tó ń pẹ́ lórí iná, irú bí ẹ̀wà àti àgbàdo, wọn kò sè é mọ́ bí wọ́n ti ń sè é. Búrẹ́dì, ìrẹsì funfun àti tíì ni wọ́n ń fún ọmọ, nítorí ó yá. Ikùn ọmọ kún, ṣùgbọ́n okun kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra. Wọ́n gé igi, omi gbẹ, ilẹ̀ ṣá, màlúù rù, ìyá rìn jìnnà, ọmọ ṣàìsàn. Dókítà kan lè wo ọmọ náà, dókítà ẹranko lè wo màlúù, kí ẹnikẹ́ni má bojú wo òkè tí wọ́n ti gé igi orí rẹ̀. Wangari ní ẹ jẹ́ ká gbin igi.

Kò kọ́kọ́ yọrí. Àwọn ọmọ igi tó hù sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó rin ìrìn àjò kan, kó tó dé wọ́n ti kú púpọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 1977, òun àti àwọn ẹgbẹ́ obìnrin gbin igi méje sí pápá Kamukunji ní Nairobi. Nínú méje, méjì péré ni ó yè. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Green Belt Movement, bí ẹni ń sọ pé fi igi di ilẹ̀ lámùrè.

Ó lọ bá ọ̀gá àgbà àwọn aṣọ́gbó ìjọba. Ó ní òun fẹ́ gbin mílíọ̀nù 15 igi, ẹnì kan igi kan, nítorí bí àwọn ará Kẹ́ńyà ti pọ̀ tó nígbà náà nìyẹn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní kó lọ máa kó ọmọ igi lọ́fẹ̀ẹ́, iye tó bá wù ú. Kò pé ọdún kan tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ pè é pé, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ti kó o jù, ẹ ó máa san owó."

Nígbà náà ni wọ́n pinnu láti máa hu ọmọ igi fúnra wọn. Wọ́n pe àwọn aṣọ́gbó kí wọ́n wá kọ́ àwọn obìnrin. Àwọn aṣọ́gbó dé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà nípa bí ilẹ̀ ṣe da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí àti irinṣẹ́ ìwọ̀n. Wọ́n ní iṣẹ́ oníwèé-ẹ̀rí ni igi gbígbìn. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé rárá. Wangari wá sọ fún wọn pé kí wọ́n lo ọgbọ́n orí wọn. Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ń gbin ẹ̀wà àti àgbàdo láti kékeré? Kóró igi náà kóró ni. Ẹ ṣa á lábẹ́ igi àdúgbò yín, ẹ gbìn ín bí ẹ ti ń gbin nǹkan yòókù.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan lo ìkòkò fífọ́, wọ́n lu ihò sí ìdí rẹ̀. Wọ́n gbé e sókè kí ewúrẹ́ àti adìyẹ má baà jẹ ẹ́. Obìnrin kan a kọ́ èkejì, abúlé kan a kọ́ ìkejì. Wọ́n ń pe ara wọn ní aṣọ́gbó tí kò ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ náà ń san owó díẹ̀ fún wọn, nǹkan bí sẹ́ńtì 4 owó Amẹ́ríkà fún igi kan. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i: igi tó bá yè nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Nítorí náà, obìnrin kì í gbin igi kó kẹ̀yìn sí i. Ìwé kíkọ náà wọ inú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní láti ka igi, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ a wá ọmọ rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Màmá tó bi mí ní ìbéèrè, ṣé ẹ ń gbọ́? Àwọn obìnrin yìí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé náà. Bí wọn kò bá sí, ìwé nípa eégbọn ni yóò kù lórí pẹpẹ.

N kò ní sọ gbogbo ìyà tó jẹ Wangari. Ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní kóòtù. Orúkọ ọkọ ni Mathai, ọkọ sì ní kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ mọ́. Obìnrin náà kàn fi lẹ́tà a kan kún un, ó di Maathai. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé yín, kí ẹ wo agbára lẹ́tà kan.

Ní 1982 ó fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀ kó lè dupò ní ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọn kò jẹ́ kó dupò náà, wọn kò sì gbà á padà síbi iṣẹ́. Ó pàdánù iṣẹ́, ó pàdánù ilé. Ní 1989, àwọn alágbára fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú Uhuru Park, pápá ńlá tí àwọn mẹ̀kúnnù Nairobi ti ń ṣeré tí wọ́n sì ń sinmi. Kò sí ohun tí ó ní lọ́wọ́ ju ìwé kíkọ lọ. Ó kọ lẹ́tà sí ìjọba, ó kọ sí àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè, ó ń kọ ọ́ lọ ràì. Àwọn aṣòfin bú u nínú ìgbìmọ̀, wọ́n ní obìnrin tí ọkọ kọ̀ ni. Nígbà tó yá, àwọn tó fẹ́ fowó sí ilé náà fà sẹ́yìn, wọn kò sì kọ́ ọ mọ́. Pápá náà kò di ilé. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, ó lọ gbin igi sí igbó Karura tí àwọn kan fẹ́ pín láàárín ara wọn. Àwọn jàǹdùkú lù ú lórí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ orí ara rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn rẹ̀.

Ní ọdún 2002 ìjọba yí padà. Àwọn ará ìlú rẹ̀ dìbò fún un, ó wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní 2003 ó sì di igbákejì mínísítà fún ọ̀rọ̀ àyíká. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 2004, ó wà lójú ọ̀nà lọ sí ìlú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é láti ilẹ̀ Nọ́wè. Wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Obìnrin Áfíríkà kan kò gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ńṣe ni ó béèrè ọkọ́, ó kúnlẹ̀ ní Nyeri níbi tó ti ń wo Òkè Kẹ́ńyà, ó sì gbin igi kan. Igi òrúrù ni, èyí tí òdòdó rẹ̀ máa ń pọ́n bí iná, tí ó wà ní igbó tiwa níbí náà. Nígbà náà igi tí àwọn obìnrin rẹ̀ ti gbìn ti lé ní mílíọ̀nù 30.

Ó lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Yìnyín orí Òkè Kẹ́ńyà tí ó ń wò láti kékeré ti ń yọ́ tán lọ. Igi a máa gba nínú èéfín tí ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ ń tú jáde, a sì fi í ṣe ara rẹ̀, ìyẹn ni pé bí igbó bá ti ń tán, ooru ayé ń pọ̀ sí i. Ní 2005 wọ́n yàn án láti máa sọ̀rọ̀ nítorí igbó ńlá ilẹ̀ Kóńgò. Ní 2006, òun àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe gbogbo ayé kí wọ́n gbin bílíọ̀nù kan igi. Kó tó di ìparí 2007, wọ́n ti gbìn ín pé.

Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ní Nairobi. Ẹni ọdún 71 ni. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n gé igi kankan nítorí pósí òun. Nítorí náà, ọparun ni wọ́n fi ṣe egungun pósí náà, wọ́n sì fi koríko etí odò hun ara rẹ̀, pẹ̀lú ewé tó ń hù lójú omi, irú èyí tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ àwọn apẹja wa.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè.